Aró Tí Kò Mú

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín sí Gbádé, ẹ̀rín ẹ̀san ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni ọmọge onínúure inú ìtàn yìí.

Ọ̀sán gangan ni ó dé sí ibi iṣẹ́ wa ní Yábàá. Ó ń kó páálí jáde láti inú bùtú ọkọ̀, òógùn sì ti mú kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Inú àwọn páálí náà ni àwọn ègé ẹran ara wà, èyí tí wọ́n ti gé lára àwọn aláìsàn láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n sì fi ìda bò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju ẹyọ ṣúgà kan lọ. Àwọn ègé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àìsàn, iṣẹ́ tiwa sì ni láti mọ ohun tí ọdún àti ooru ń ṣe sí wọn níbi ìpamọ́. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́ tí a kò mọ̀, irọ́ ni wọn yóò máa pa fún wa.

Mo bi í pé ṣé inú oòrùn báyìí ni ó ti ń gbé wọn kiri. Ó ní láti Àgùdà ni, pé òun kàn dúró díẹ̀ ra bọ̀ọ̀lì ni. Mo ní ìda ni ó kó, kì í ṣe iṣu, pé bí ó bá tún dúró ra ẹ̀pà sí i, gbogbo rẹ̀ ì bá ti yọ́ pọ̀. Ojú tì í. Ó ṣàlàyé pé bàbá òun ni ó rán òun, pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń ti láàbù wọn pa, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn páálí náà wúlò fún àwọn olùwádìí.

"Ta ni bàbá yín?" ni mo béèrè.

"Dókítà Fàsásì. Ti Àgùdà."

Ìgbà yẹn ni mo rín ẹ̀rín náà. Mo ní kí ó wọlé wá jókòó, mo sì bu omi tútù fún un.

Orúkọ yẹn ni mo gbọ́ dàgbà. Ìyá mi, Adéfúnmiláyọ̀ Àkàngbé, tíṣà ni wọ́n ní ilé ìwé kan ní Súrùlérè. Kókó kan yọ sí wọn lọ́mú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n jáde girama, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Bí dókítà bá ti gé nǹkan lára èèyàn, inú ike ni wọn yóò fi sí, wọn yóò da fọ́málìn lé e, ẹbí aláìsàn ni wọn yóò sì gbé ike náà lé lọ́wọ́ pé kí ó gbé e lọ sí láàbù. Àǹtí Kíkẹ́, àbúrò ìyá mi, ni ó gbé tiwa lọ sí Àgùdà.

Fàsásì fi aró tí wọ́n fi ń mọ irú jẹjẹrẹ kun ẹran ara náà, ó wò ó, ó ní kò mú aró. Ẹ má bínú pé n kò fi ọ̀wọ̀ pè é, kò tíì tó àkókò. Ìtumọ̀ ohun tí ó sọ ni pé oògùn oníhóró kan tí ó ń fi ọdún kún ọjọ́ ayé àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú kò lè ran ìyá mi lọ́wọ́. Nítorí náà, àwọn dókítà kò fún wọn ní oògùn náà. Ìyá mi kú kí èsì ìdánwò àṣejáde mi tó dé.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Àǹtí Kíkẹ́ ti ń kọ́ mi. Bí a bá ń jẹun, wọn á sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń di irun mi, wọn á tún un sọ.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ike yẹn fún Fàsásì," ni wọ́n máa ń wí. "Ọkùnrin yẹn ló pa ìyá ẹ. Àánú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣe ẹ́ láyé."

Wọ́n tọ́ mi nínú yàrá méjì wọn ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n ta gbogbo aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n ní kí n lè kàwé, wọ́n sì fi ìkórìíra yẹn kún oúnjẹ mi. Èmi náà jẹ ẹ́, mo yó. Òun ni ó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá iṣẹ́ báńkì. Mo fẹ́ mọ ohun tí Fàsásì ṣe sí ẹran ara ìyá mi, mo sì fẹ́ kí ojú tì í láàárín àwùjọ.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni Gbádé ń tún ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ojúẹlẹ́gba. Lọ́jọ́ tí ó kó páálí wá yẹn, ó fọwọ́ kan ògiri ibi ìpamọ́ wa, ó ní éésì yìí kò mú nǹkan tutù, ó kàn ń mí ni. Ó ní òun máa wá tún un ṣe. Mo gbà kíá, nítorí mo fẹ́ kí ó máa wá. Mo ń bi í nípa bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn: ibo ni wọ́n ń kó àwọn ègé náà sí, ta ni ó ń pa wọ́n láró, ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan. Ó ní inú yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, lábẹ́ páànù, níbi tí òun ti máa ń sá wọlé nígbà tí òun wà ní kékeré, tí ooru ibẹ̀ á sì lé òun jáde. Aláìmọ̀kan, ó rò pé mo ti ń fẹ́ràn ẹbí rẹ̀.

Ọkùnrin náà dùn-ún bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, á máa kọrin, á máa kọ ọ́ ṣì. Ó máa ń ra bọ̀ọ̀lì wá, á sì gbé e kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀kan ná, á ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti yọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí ní oríkì mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tí ó tún pè mí bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ó mú kí n sọ ọ́ fún un.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó pè mí, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin. "Àbẹ̀kẹ́ mi."

Lọ́jọ́ yẹn, mo délé ni mo tó rántí pé a ti jọ wà láti ọ̀sán títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì, n kò sì béèrè bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti nífẹ̀ẹ́ ọmọ Fàsásì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni mo rí ìyá mi. Ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn páálí náà ni wọ́n wà, orúkọ wọn ṣì hàn ketekete lára ike pẹlẹbẹ tí ìda náà lẹ̀ mọ́. Mo gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo jókòó sílẹ̀. Nǹkan tí ó kù nínú ìyá mi láyé kò tóbi ju ẹyọ ṣúgà kan lọ.

Mo gé ojú ìda náà dànù, nítorí ibẹ̀ ni ooru kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Mo gé ti inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, mo pa á láró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú páálí kan náà, títí kan àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyá mi. Ooru páànù kan náà ni ó lù wọ́n. Tiwọn mú aró, wọ́n pọ́n bí obì tí wọ́n gé sílẹ̀.

Ti ìyá mi kò mú rárá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ náà nìkan ni kò mú aró, ibi tí ara ti dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pàápàá kò mú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ máa ń mú aró lára obìnrin gbogbo. Bí ibi tí ara dá kò bá mú, aró náà kò sọ nǹkankan fún wa, kò sọ pé oògùn máa ṣiṣẹ́, kò sì sọ pé kò ní ṣiṣẹ́. Mo tún rí wóró dúdú káàkiri bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyèré sí i, èyí tí a máa ń rí bí ẹran ara bá ti pẹ́ jù nínú fọ́málìn. Fọ́málìn máa ń mú kí ẹran ara má jẹrà, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ jù, kò ní lè mú aró mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ọdún ni ó bà á jẹ́, kì í sì í ṣe ooru. Ó ti bàjẹ́ kí ó tó wọ inú ìda. Mo sọ fún ara mi pé mo ti mú Fàsásì wàyí: ó gbé ike ìyá mi jù sí kọ̀rọ̀ kan, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà tí ó wù ú ni ó tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni éésì ibi ìpamọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa. Gbádé nu ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó ní kí n fẹ́ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gíláàsì ìyá mi sì wà nínú àpò mi. Ohun tí mo pinnu ni pé bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí gbogbo èèyàn ti jókòó, màá yọ ọ́ jáde, màá sì bi bàbá rẹ̀ léèrè lójú gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn Gbádé tọkàntọkàn, mo sì ń fi ìdùnnú múra láti dójú ti bàbá rẹ̀. N kò jẹ́ kí ọkàn mi ro méjèèjì pọ̀.

Mo gbà pé inú Àǹtí Kíkẹ́ máa dùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ bàbá Gbádé, wọ́n ní ó di orí òkú àwọn kí n tó fẹ́ ọmọ Fàsásì. Mo wá rọra sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí òkú sùn, kí n fi bàbá àti ọmọ sílẹ̀, pé àwọn kò lè jókòó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn. Mo rò pé ìbínú ni.

Ṣùgbọ́n Gbádé ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ kí bàbá òun nílé. Ọ̀nà ò gba ibòmíràn, mo lọ. Arúgbó kékeré kan ni mo bá, tí ó ń béèrè àwọn páálí rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni ń béèrè àwọn ọmọ tí ó rán lọ sí iléèwé. Ó gbé mọ́ọ̀tì fún mi. "Ìyàwó mi," ni ó pè mí. N kò lè fara dà á títí di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mọ́, mo yọ gíláàsì náà jáde, mo ní kí ó bá mi wò ó.

Maikirosíkóòpù rẹ̀ wà ní igun pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó. Gbádé ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwa méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wò ó pẹ́.

"Ta ló ni èyí?" ni ó béèrè.

"Adéfúnmiláyọ̀ Àkàngbé," ni mo wí. "Ìyá mi ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò mú aró."

Ẹ̀rín Gbádé tán. Bàbá rẹ̀ kò bú mi, kò sì ní kí n jáde. Ó ṣì ń wo inú maikirosíkóòpù náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Mo rántí," ni ó wí. "Obìnrin kan ló gbé e wá. Omi inú ike yẹn ti pọ́n bíi tíì, wọ́n sì ti fi òróró ra ike náà, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gé e, ó ní àná. Ẹran yẹn ti le bí awọ bàtà, mo mọ̀ pé kì í ṣe àná. Mo ní kó jẹ́ kí dókítà wọn wá rí mi. Mi ò rẹ́ni kankan."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fi kọ ọ́ pé kò mú?"

"Torí pé kò mú. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé mi ò mọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Láàbù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nígbà yẹn, ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀san lo bá wá, ọmọ mi, o jàre. Ṣùgbọ́n bi ẹni tó gbé ike náà léèrè."

Gbádé sìn mí dé ẹnu géètì. Ó bi mí pé ṣé nítorí èyí ni mo ṣe rẹ́rìn-ín sí òun lọ́jọ́ tí a pàdé. N kò lè purọ́ fún un mọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí géètì fún mi, ó sì padà wọlé láìdágbére.

Àǹtí Kíkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo délé. N kò kí wọn.

"Ike yẹn," ni mo wí, "ibo lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kẹ́ ẹ tó gbé e dé Àgùdà?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà náà.

"Orí òkè àdúrà. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ rí i kí dókítà tó rí i. Wòlíì ní tá a bá gbàdúrà sí i dáadáa, ohun tó wà nínú ẹ̀ á yí padà. Mo ní kó ṣáà dúró síbẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi kan. Nígbà tó dé, wòlíì ní ó tún ku ọ̀kan."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ìyá ẹ fi bi mí pé èsì ńkọ́."

Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n àwọn, pé ìfẹ́ wọn ló pa àwọn bí ọtí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n wá gbé ẹ̀bi náà ka Fàsásì lórí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n ní àwọn kò lè dá a gbé.

N kò dárí jì wọ́n. Bí ẹ bá ń retí pé mo gbá wọn mọ́ra, ẹ máa retí lọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ, èmi nìyí tí mo sì rí i pé ẹni tí ó ń di irun mi ni ọ̀bẹ náà tọ́ sí. Mo kó lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Múṣin, mo sì jókòó ro ohun tí ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Fàsásì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Mo ní kí ó wá sí Yábàá, kí ó dúró níwájú àwọn dókítà ọ̀dọ́ tí a ń kọ́, kí ó fi iná ẹ̀rọ tan àwòrán gíláàsì ìyá mi sára ògiri fún wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe. Mo rò pé kò ní wá. Ó wá pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó gún ọ̀pá. Ó sọ ọ́ tán pátá, kò fi ọ̀kan pa mọ́, kò sì di ẹ̀bi ru ẹni tí ó gbé ike. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé kí ni ó yẹ kí ó kọ nígbà náà. Ó ní, "Kí n kọ ọ́ pé mi ò mọ̀." Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Gbádé jókòó sí. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó wá bá mi ní ibi ìpamọ́, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní ó ṣì ń tutù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ti gbà pé ẹ̀san ni," ni ó wí. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mi ò mọ ìgbà tó yí padà," ni mo dáhùn. "Mo kàn mọ̀ pé ó ti yí padà. Gbádé, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ó ń dùn mí."

Ó wò mí títí. "Bàbá mi ní ẹni tó bá lè sọ pé òun ò mọ̀, ká gbà á gbọ́." Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra. "Wá ńbí, Àbẹ̀kẹ́."

Ó wá ku Àǹtí Kíkẹ́.

Èbúté Mẹ́ta ni a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nínú yàrá méjì náà. Àǹtí bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ìbátan wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó sí àga ìyá ìyàwó, kí àwọn máa bójú tó oúnjẹ lẹ́yìn. Mo kọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀," ni mo sọ fún wọn. "Mi ò ní sọ nǹkankan, ẹ̀yin náà ò ní sọ nǹkankan. Ẹ kàn máa jókòó, kí bàbá Gbádé máa wò yín."

Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ wọlé, bàbá Gbádé dúró níwájú àga náà. Wọ́n dá Àǹtí Kíkẹ́ mọ̀ lójúkan náà. Wọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà," ni wọ́n wí.

Àǹtí Kíkẹ́ kò lè gbé ojú kúrò nílẹ̀. Gbádé dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó pè wọ́n ní màmá. Lẹ́yìn náà ni ó kan èmi láti kúnlẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó sí àga ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, kí ó fi orúkọ ìyá mi súre fún mi. Mo ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n pe Adéfúnmiláyọ̀, ohùn wọn já. Wọ́n tún un pè, ó tún já. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n ń kí wọn. Wọ́n fẹ́ yọ ọwọ́ náà kúrò lórí mi.

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo fi di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ tí ó gbé ike lọ sí orí òkè ni. Òun náà ni ó ń di irun mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, pé mo ń gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi dé àmín, n kò sì jẹ́ kí ọwọ́ náà bọ́.